Òrùka Adégòròyè

Bí àlejò bá bá ìpàdé pàdé ní Òkè-Òro, tó gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ẹnìkan pé, "Bọ́ òrùka, kí fèrè ó dún," ọwọ́ ẹni náà ni yóò kọ́kọ́ wò. Kò ní í rí òrùka níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní í gbọ́ fèrè. Ọ̀dọ̀ Wúràọlá, obìnrin rẹfirí, ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀.

Òkè-Òro àti Agbéde ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìjà ilẹ̀ oko ni. Olóyè Lágbàyí ti Òkè-Òro wá ra ife-ẹ̀yẹ, ó ní kí ìlú méjèèjì fi bọ́ọ̀lù ṣe ìrẹ́pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé wọ́n ṣègbè, wọ́n ránṣẹ́ pe Wúràọlá láti ọ̀nà jíjìn.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ bàtà àwọn agbábọ́ọ̀lù wò, ó sì fọwọ́ kan ojúgun wọn kó lè mọ̀ bóyá wọ́n fi ohun ìdáàbòbò sí i lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Adégòròyè, aṣọ́lé Òkè-Òro, ó rí báńdéèjì lára ìka rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Nǹkan líle ni.

"Kí ló wà níbí?"

"Òrùka ni, mà. Bàbá mi ló fi sí mi lọ́wọ́ kó tó kú. Mi ò bọ́ ọ rí."

"Bọ́ ọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ẹlòmíràn ṣọ́lé."

Adégòròyè kọ̀. Àwọn ará Agbéde figbe ta pé òrùka oògùn ni. Àwọn ará Òkè-Òro ní bí kì í bá ṣe Adégòròyè ló ṣọ́lé, àwọn ò gbá. Ìjà tó ti kú tún fẹ́ jí. Ni Olóyè Lágbàyí bá wọ pápá.

"Màdáámù, ẹ fọn fèrè yẹn. Ṣé torí òrùka lẹ ṣe fẹ́ da ìlú méjì rú? Wọ́n ṣáà ti fi báńdéèjì bò ó."

Wúràọlá bọ́ fèrè lọ́rùn, ó nà án sí olóyè.

"Ẹ fọn ọ́n fúnra yín, bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi náà fi òrùka ṣọ́lé. Ó fò, òrùka kọ́ àwọ̀n. Òun wálẹ̀, ìka rẹ̀ ò bá a wálẹ̀. Ojú mi ò ní í rí irú rẹ̀ mọ́."

Olóyè ò nawọ́ gbà á. Wúràọlá rìn lọ sí àárín pápá, ó jókòó lé bọ́ọ̀lù. Èébú ń rọ̀ lé e lórí bí òjò, kò mira. Oòrùn sì ń lọ.

Obìnrin kan dìde láàárín èrò. Ìyá Adégòròyè ni. Ó tọrọ òróró tútù díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń dín mọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó sì lọ bá ọmọ rẹ̀.

"Gbé ọwọ́ wá."

"Ìyá mi, bàbá ní..."

"Bàbá rẹ ní kí o má sọ ọ́ nù. Kò ní kí o má bọ́ ọ. Ìka ni mo bí, n kò bí òrùka."

Omi lé ròrò lójú Adégòròyè. Ìyá rẹ̀ tú báńdéèjì, ó fi òróró pa ìka náà, ó ń yí òrùka díẹ̀díẹ̀ títí ó fi yọ, ó sì tì í bọ àtàǹpàkò ara rẹ̀. Wúràọlá dìde, ó yẹ ọwọ́ náà wò, ó ní, "O ṣeun." Ó pe olórí ikọ̀ méjèèjì, ó ju owó ẹyọ sókè. Agbéde ló borí. Wọ́n yan ibi tí oòrùn ò ti ní í mú wọn lójú, Òkè-Òro sì ni yóò kọ́kọ́ ta bọ́ọ̀lù. Fèrè dún.

Agbéde ló jáwé olúborí. Adégòròyè fò títí, bọ́ọ̀lù kan ṣáà gba orí ọwọ́ rẹ̀ wọlé. Ó sunkún, lẹ́yìn náà ó lọ dọ̀bálẹ̀ kí rẹfirí. Ẹnikẹ́ni ò sọ òkúta.

Nígbà tó yá, Òkè-Òro fẹ́ la ọ̀nà, Olóyè Lágbàyí ò jẹ́ kó gba etí ọgbà rẹ̀ kọjá. Wọ́n pe ìpàdé lé e lórí, wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ìyá Adégòròyè ló dá a lóhùn: "Olóyè, ẹ bọ́ òrùka, kí fèrè ó dún." Olóyè kọ́kọ́ fajú ro, ẹ̀rín bá gbọ̀nà ẹ̀bùrú yọ lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé ọkọ́ àti àdá dé etí ọgbà.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá di nǹkan tirẹ̀ mú títí tí nǹkan gbogbo ìlú ò fi lè bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n ń wí fún un nìyẹn: bọ́ òrùka, kí fèrè ó dún.