Ilé Ẹja Ni Ìbídùn Fi Yan Ẹja

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi rọra fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, ó di etí odò, ó bá Ìbídùn ayanja àti Akàn níbẹ̀. Kúnlé, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹní mi kí n tó bẹ̀rẹ̀.

"Ní ìgbà kan rí, ìlú kan wà létí odò. Ìlú márùn-ún ló ń wa ọkọ̀ wá ra ẹja yíyan lọ́wọ́ wọn. Igi ńláńlá dúró sínú omi níbẹ̀. Àárín gbòǹgbò wọn ni ẹja ń yé ẹyin sí."

"Ìyá àgbà, ṣé ẹja ń yé ẹyin ni?"

"Àbí o rò pé ọjà ni wọ́n ti ń ra ọmọ wọn? Òfin wà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi wọ̀nyẹn. Èyí tó bá ṣubú fúnra rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fi dáná. Akàn, tó ń gbé ìdí gbòǹgbò, ni ọba fi ṣọ́ wọn.

"Ààrò ìyá Ìbídùn ni Ìbídùn jogún. Iná ààrò náà kò kú rí láti ayé ìyá ìyá rẹ̀. Lọ́dún kan, igi tó ṣubú kò tó nǹkan. Ẹ̀rù ba Ìbídùn pé ààrò yóò kú mọ́ òun lọ́wọ́. Ó mú ọ̀bẹ, ó bó èèpo igi kan yí ká. Nígbà tó yá, igi gbẹ, ó sì ṣubú. Akàn yọjú, ó kọrin. Ẹ gbè é dáadáa o.

"Ìbídùn, ta ló bó igi láṣọ?"

"Kéréńbú kéré."

"Ilé ẹja lo fẹ́ fi yan ẹja."

"Kéréńbú kéré."

"Bó dọ̀la ńkọ́, kí lo ó yan?"

"Kéréńbú kéré."

"Ìbídùn ní, 'Mi ò gé igi o. Ó ṣubú fúnra rẹ̀ ni.'

"Akàn gba ààfin lọ. Ọba bi í pé, 'Ṣé ó gé e?'

"'Kábíyèsí, kò gé e, èèpo rẹ̀ ló bó.'

"'Òfin kò sọ̀rọ̀ èèpo. Ẹjọ́ parí.'

"Bí àwọn yòókù ṣe gbọ́, oníkálukú mú ọ̀bẹ. Igi ń ṣubú fúnra wọn lọ́tùn-ún lósì."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Lọ́dún náà, ẹja kún orí ààrò. Lọ́dún kejì, ó dín. Nígbà tó di ọdún kẹta, òfo ni àwọ̀n ń kó bọ̀. Ọkọ̀ àwọn oníbàárà ń kọjá lọ síbòmíràn, wọn kò tiẹ̀ yà kí wọn. Igi ìdáná ga dé òrùlé lẹ́yìnkùlé Ìbídùn, ẹja tí yóò yan ni kò sí. Ààrò kú. Ó jókòó tì í, ó sunkún.

"Ó lọ dúró níwájú gbogbo ìlú. 'Kábíyèsí, èmi ni mo kọ́kọ́ bó igi. Gbogbo wa la mọ̀ pé kò ṣubú fúnra rẹ̀.'

"Ọba dorí kodò. Ó ní, 'Akàn kìlọ̀ fún mi. Ẹnu òfin ni mo wò, mi ò wo igi.'

"Wọ́n tún òfin ṣe. Bí igi bá kú, Akàn á kọ́kọ́ yẹ èèpo rẹ̀ wò. Ẹni tó bá sì kó o lọ, á gbin méjì dípò. Ìbídùn ló gbin ti àkọ́kọ́.

"Irun rẹ̀ ti funfun kí ẹja tó padà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé méjì dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, inú rẹ̀ ń dùn. Ìbídùn fọwọ́ tẹ ikùn èyí tó tóbi jù.

"'Ẹyin wà nínú èyí,' ló wí. 'Dá a padà sómi kíákíá kó tó kú. Èyí kékeré tó ohun tí a lè torí rẹ̀ tún iná ààrò dá.'

"Ẹ̀yin ọmọ mi, igi tó dúró ń bọ́ wa lọ́dọọdún. Èyí tí a dáná sun, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ẹni tó bá sì ń wá ọgbọ́n yí òfin ìlú, oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ló ń yí dànù.

"Ibí ni ọkọ̀ àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí. Bí mo bá purọ́, kí akàn já mi lẹ́sẹ̀ bí mo bá lọ pọnmi lọ́la."

"A ó máa wo ẹsẹ̀ yín, Ìyá àgbà."