Bí Mo Ṣe Bẹ́ Kúrò Lórí Kápúsù, Tí Igbó Àìsùn Fẹ́ Gbé Mi Mì

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó yáa rín in tán kí n tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ni Ọdẹ́rìndé. Ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ ni bàbá tó bí i. Ìyá mi nìkan ni kì í ṣọdẹ, òun náà sì le ju ìbọn lọ. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo já sí kòtò nínú oko, iṣan ẹ̀yìn mi bàjẹ́, ẹsẹ̀ òsì mi wá ń ta mí bí ẹni fi ata gígún kùn ún. Wúràọlá, ọmọ àbúrò mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, mú mi lọ bá dókítà, dókítà fún mi ní kápúsù. Ìrora lọ bí iná tí òjò pa.

Ó wá di ẹ̀fẹ̀ láhéré àwa ọdẹ. Látúndé, ọmọ àná, ló ní: “Bàbá oníkápúsù, ẹran ń sá lọ o, àbí ẹ ṣì ń mumi sí i?” Inú bí mi. Mo fa àdá yọ, mo fi ahọ́n kan ojú irin ẹ̀, mo búra lójú gbogbo wọn pé n ò ní fẹnu kan kápúsù mọ́ láéláé. Ọdẹ kì í sì í fi irin ṣeré.

Ọjọ́ kejì, òógùn ń dà lára mi bí omi àgbàrá, ọwọ́ ń gbọ̀n, àyà ń lù kìkìkì, inú ń rú, oorun kọ̀ mí bí ìyàwó tó ti kó ẹrù. Nígbà tó dọjọ́ kẹrin, mo ní inú igbó làwọn ọ̀tá tó ń dà mí láàmú yìí ti ń wá, n ó lọ bá wọn níbẹ̀. Mo gbé ìbọn, mo wọ Igbó Àìsùn, igbó àwọn iwin.

Iwin àkọ́kọ́ ga bí igi àràbà. Ojú kún ara ẹ̀ bí ihò ṣe kún ajere, ìkankan nínú wọn ò sì ṣẹ́jú.

Mo ní: “Ta ló ní kó o gba oorun lójú mi?”

Ó ní: “Ìwọ náà ni. Kápúsù ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, o sì ṣí i sílẹ̀ gbayawu lọ́jọ́ kan ṣoṣo.”

Ó gbá mi létí. Mo yìnbọn, ọta gba inú ojú kan kọjá, ojú ọ̀hún ṣì ń wò mí.

Mo sá, mo ṣubú, mo rá dé abẹ́ ọ̀pẹ kan. Iwin arúgbó kan wà lókè níbẹ̀, ó fi igbà gbára mọ́ ọ̀pẹ bí adẹ́mu. Kò kí mi, ìbéèrè ló fi pàdé mi:

“Òpònú, báwo ni wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ?”

“Wọ́n á sún igbà wálẹ̀ díẹ̀, wọ́n á gbé ẹsẹ̀, wọ́n á tún sún un.”

“Ẹni tó bá bẹ́ ńkọ́?”

“Á kán.”

“Kí lo wá ṣe lórí kápúsù? Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n, ìwọ gbé kùmọ̀ tì í.”

Mo ní irin ni mo fi búra, n ò lè padà.

Ó tutọ́ sílẹ̀. “Ṣé torí ẹsẹ̀ ẹ lo ṣe búra, àbí torí ẹnu Látúndé? Ibi tẹ́nu ti ṣe ìbúra ni wọ́n ti ń tú u. Lọ bẹ àwọn tó o búra lójú wọn, àbí kó o jókòó kí olójú yẹn wá jẹ ẹ́.”

Mo padà. Ikú ò burú tó ìtìjú ọjọ́ náà. Mo kúnlẹ̀ láhéré níwájú Látúndé, ọmọ tí mo ju bàbá ẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí, mo ní kí Olúọdẹ, olórí wa, tú mi sílẹ̀. Ó fi omi fọ àdá mi, ó da omi náà sílẹ̀, ó ní ìbúra mi ti bá a lọ. Látúndé ò rẹ́rìn-ín. Ó ní: “Ẹ dìde, bàbá, ọwọ́ yín ń gbọ̀n.” Ìyẹn dùn mí ju ẹ̀fẹ̀ ẹ̀ lọ.

Wúràọlá bínú: “Bàbá, ta lẹ bi kẹ́ ẹ tó dá a dúró?” Dókítà ní kí n bẹ̀rẹ̀ padà, ó wá ń bá mi dín in kù díẹ̀díẹ̀, ọ̀sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀, fún oṣù méjì. Ó ṣì nira, ṣùgbọ́n mo sùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oògùn lábẹ́ ìrọ̀rí, tẹ́ ẹ ń wò mí bí ẹni pé ẹ ò ní nǹkan kan, mo mọ̀ yín. Ẹ lọ bi ẹni tó fún yín kẹ́ ẹ tó fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi aláìsàn ṣẹ̀fẹ̀, ẹ kúrò níwájú mi. Ẹ̀yin lẹ máa ń ti èèyàn wọ igbó, ẹ kì í bá wa wọ̀ ọ́.