Orí Àwẹ̀ró Tó Kún Yàrá

Ààlọ́ o.
Ààlọ̀.

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó fò fẹ̀rẹ̀. Kò bà lé ìjàpá, kò bà lé ajá, orí ọmọge kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró ló bà lé.

Àwẹ̀ró kò ga, kò kúrú. Kò sí ohun tó fi yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àfi ẹnu tí kì í sinmi. Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá rẹ̀, ló ń gbé. Láràárọ̀, bí ó bá ti kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà á ki oríkì rẹ̀ títí orí ọmọ náà á fi wú, bó ti ń rí fún gbogbo wa bí àgbà bá kì wá.

Ọdún kan wá dé, òjò sẹ́. Iṣu inú ilẹ̀ kò ju ọmọ ìka ẹsẹ̀ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà na ẹyọ kan tó kù nílé sí Àwẹ̀ró pé kó sè é. Àwẹ̀ró wo iṣu, ó ní, "Ìwọ yìí, báwo la ṣe fẹ́ pín ọ? Ó dà bíi pé ẹnikẹ́ni kò kì ọ́ rí láyé." Ló bá fi ohùn Ìyá Àgbà ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń ki iṣu. Ẹ bá mi gbè é:

Iṣu, a-sùn-sínú-ebè-má-bora.
Wúlú wúlú.
Dúdú lẹ́yìn, funfun nínú.
Wúlú wúlú.
A-bá-epo-rẹ́-má-bá-a-jà.
Wúlú wúlú.
Ọmọ ọlọ́lá, gbérí kí n rí ọ.
Wúlú wúlú wúù.

Fùkẹ̀, iṣu mira. Fùkẹ̀, ó gbòòrò. Kí Àwẹ̀ró tó mí, iṣu ti tóbi bí ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀, ó sì ti taari rẹ̀ ṣubú lórí àpótí tó jókòó sí.

Ìyá Àgbà yọjú. "Àwẹ̀ró, iṣu ta lo jí wá?"

"Ìyá Àgbà, n kò jalè. Mo ki iṣu ni, orí rẹ̀ sì wú."

Ìyá Àgbà ní kó tún un ṣe lójú òun. Ó mú ilá kan wá tó rí bí èékánná. Àwẹ̀ró ki ilá, ilá gùn, ó gba ojú fèrèsé jáde. Ìyá Àgbà tú gèlè, ó kúnlẹ̀. "Olúwa, ìwọ lo ṣe èyí." Ó dìde, ó ní, "Ọmọ mi, Ẹni tó fún ọ kò tà á fún ọ. Jáde lọ, kó o ki iṣu gbogbo ẹni tí ebi ń pa."

Inú ìlú dùn ṣìnkìn. Iṣu ń wú fùkẹ̀fùkẹ̀, ẹyin adìẹ ń di elégédé. Àkùkọ kan tí Àwẹ̀ró kì fẹ̀ débi pé, bó ṣe kọ, ewé gbogbo igi àdúgbò já bọ́ wàràwàrà.

Ṣùgbọ́n bí àwọn èèyàn bá ti yó, wọ́n á ní, "Ọpẹ́ ni fún Olúwa," wọ́n á sì gbé iṣu wọn lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dun Àwẹ̀ró. Ó sọ fún Ìbídùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ọ̀fun mi ló ń gbẹ, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ mi. Bí mo bá ki ara mi ńkọ́? Màá ga, màá lẹ́wà, ọrùn mi á gùn."

"A kì í ki ara ẹni, Àwẹ̀ró. Ẹlòmíràn ló ń ki ẹni."

"Ẹlòmíràn wo ló mọ̀ ọ́n ṣe tó mi?"

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àgbà ń sun oorun ọ̀sán ní kọ̀rọ̀ yàrá. Àwẹ̀ró wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó ń ki ara rẹ̀:

Àwẹ̀ró, arẹwà tí kò lẹ́gbẹ́.
Wúlú wúlú.
Ẹnu mi ló bọ́ ìlú.
Wúlú wúlú.
Bí kò bá sí èmi, ebi ì bá ti pa wọ́n.
Wúlú wúlú wúù.

Ọrùn kò gùn. Ẹsẹ̀ kò ga. Orí nìkan ló gbọ́. Ó di igbá, ó di ìkòkò, ó di odù ńlá. Gèlè rẹ̀ já, fàù. Etí kan gba ojú fèrèsé yọ síta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan fún Ìyá Àgbà mọ́ ògiri.

"Àwẹ̀ró," ohùn Ìyá Àgbà jáde lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, "jọ̀ọ́, gbé ojú rẹ kúrò lójú mi."

"Kò ṣeé gbé, Ìyá Àgbà."

Ìbídùn sáré dé, ó bá etí lójú fèrèsé. Ó rò pé bí ìyìn bá mú un wú, èébú á mú un sọ̀ kalẹ̀. Ó dojú kọ etí náà, ó ní, "Olórí gbàǹgbà. Orí bí àkìtàn. Orí tí ẹyẹ lè yé sí."

Àwẹ̀ró kò gbà. "Orí tó bọ́ ọ nìyẹn, alájẹkì. Kò sírú ẹ̀ nílùú yìí." Wúlú, orí tún fẹ̀. Ògiri sán kàà. Ìyá Àgbà kò sọ̀rọ̀ mọ́, èémí rẹ̀ ló kù, ó ń lọ fín-ín-fín.

Ẹ̀rù wá ba Àwẹ̀ró. Ó gbàgbé ẹwà, ó gbàgbé ọrùn. Ó fi ẹkún pe Ẹni tó fún un ní ẹnu. Ẹ yí ègbè padà, ẹ̀yin ọmọ:

Olúwa, Ẹni tí ìyìn kò lè mú wú.
Sọ̀, sọ̀.
O ti kún ayé, o ti kún ọ̀run.
Sọ̀, sọ̀.
Ìwọ lo bọ́ ìlú, ẹnu lásán ni tèmi.
Sọ̀, sọ̀.
Dá ìyá mi sí, kó o gba ògo rẹ.
Sọ̀, sọ̀, sọ̀ọ̀.

Odù di ìkòkò, ìkòkò di igbá, igbá di orí ọmọ èèyàn. Ìyá Àgbà bọ́ sílẹ̀ lára ògiri, pẹlẹbẹ bí ẹní. Ó mí kanlẹ̀.

"Ìyá Àgbà, ẹ má bínú."

"N kò bínú. Ooru ló mú mi."

Ìbídùn yọjú lójú fèrèsé. "Ṣé kí n ṣì máa bú u, àbí ó ti tó?"

"Ó ti tó," ni Ìyá Àgbà wí.

Ẹ̀bùn náà kò lọ. Àwẹ̀ró ń ki iṣu títí òjò fi dé, bí àwọn èèyàn bá sì ti ní, "Ọpẹ́ ni fún Olúwa," òun ló ń kọ́kọ́ ṣe àmín.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí nìyẹn. Ẹni tó bá jí i ni yóò pọ̀n ọ́n.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyí, ẹ̀yin ọmọ mi: kò sí ohun tí a ní tí kì í ṣe pé a gbà á. Ẹni tó bá sọ ẹ̀bùn Olúwa di ògo ara rẹ̀, ará ilé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fún mọ́ ògiri.