Ìdí Tí Patanmọ́ Fi Ń Pa Ewé Rẹ̀ Dé

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo ewé igbó ṣì máa ń wà ní ṣíṣí tọ̀sán-tòru, ọmọ ewé kan wà tó ń jẹ́ Ṣípayá. Òun àti ìyá rẹ̀ jọ ń gbé lẹ́bàá ọ̀nà oko.

Ní àkókò yẹn, Aláǹtakùn ta okùn láti igi dé igi yí igbó ká. Bí ẹnì kan bá fẹnu kan okùn náà tó sì sọ̀rọ̀ níhìn-ín, ẹlòmíràn á gbọ́ ọ lọ́hùn-ún, bí wọn ò tilẹ̀ rí ojú ara wọn. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ.

Lọ́jọ́ kan, ohùn dídùn kan bá Ṣípayá sọ̀rọ̀ lórí okùn náà.

"Labalábá ni mí. Mo gbọ́ pé o rẹwà gan-an o! Fi ewé kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí mi, kí n máa fi rántí rẹ."

Orí Ṣípayá wú. Ó já ewé kan, ó so ó mọ́ okùn.

Kíá, ohùn náà yí padà. "Fi òmíràn ránṣẹ́! Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá sọ fún gbogbo igbó pé ò ń já ewé ara rẹ fún àjèjì. Kí o sì fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún ìyá rẹ o!"

Ṣípayá ń já ewé, ó ń sunkún. Kò rí oorun sùn. Ìrì ò wù ú mu mọ́. Ó ní ó sàn kí òun kúkú gbẹ.

Ìyá rẹ̀ wò ó títí. "Ọmọ mi, kí ló ń ṣe ọ́? Ọmọ kékeré, orí ti ń pá!"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi." Ó sì tú gbogbo rẹ̀ síta.

Ìyá ò nà án. Ó gbá a mọ́ra. "Ta ló ń bínú sí ọ? Ara rẹ ni kí o máa pa mọ́, kì í ṣe ohun tó ń pa ọ́ lẹ́kún."

Ló bá fa okùn náà tagbáratagbára. Ta lẹ rò pé ó bá okùn jáde? Labalábá kẹ̀? Tata ajẹwé ni, ikùn rẹ̀ ti yọ roboto! Ó ti jẹ gbogbo ewé tó ní òun fẹ́ fi ṣèrántí. Igbó hó lé e lórí, ó sì fò sá lọ. Kò sí ẹnì kankan tó fi Ṣípayá ṣe yẹ̀yẹ́. Aláǹtakùn fúnra rẹ̀ ló gé okùn ọ̀hún.

Háà, ara tu ọmọ náà! Ó mu ìrì yó, ó sùn fọnfọn, ewé tuntun sì bẹ̀rẹ̀ sí í rú.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń pa ara rẹ̀ mọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe wí, tí wọ́n sì ń pè é ní Patanmọ́. Bí ọwọ́ tí kò mọ̀ bá kàn án, kíá ló ń pa ewé rẹ̀ dé. Ẹ̀yin ọmọ, bó bá padé mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má rò pé ẹ ti pa á lára. Ẹ dúró díẹ̀. Bí ọkàn rẹ̀ bá ti balẹ̀, á tún ṣí.