Ìdí Tí Èèsún Kò Fi Dùn Lẹ́nu Mọ́

Nígbà láéláé, kí ewé tó mọ bí wọ́n ṣe ń ya ènìyàn lọ́wọ́, Èèsún etí odò dùn ju ìrèké lọ. Ọmọdé á kàn ṣẹ́ ẹ, á fà á mu, oje á sì máa ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Èèsún kì í ráhùn. Ọ̀làwọ́ ni.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló ní, Ìwúkàrà. Ìwúkàrà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè rí i. Kò lápá, kò lẹ́sẹ̀, inú ohun tó bá ti dùn ló ń gbé, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò níye. Òun ló ń jí Èèsún láràárọ̀: "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o jí ire?" Bí Èèsún kò bá tíì gbọ́ ohùn yẹn, kì í na ewé rẹ̀.

Ohun kan ló ń dun Èèsún. Àwọn igi ńlá kò kà á sí. Àwọn ló ń fún ìlú ní iná, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. "Koríko lásán," ni wọ́n ń pè é. "Iná tirẹ̀ kì í pẹ́ tó èyí tí èèyàn lè yá."

Lọ́dún kan, àwọn igi bínú sí àáké, wọ́n ní àwọn kò fún ẹnikẹ́ni nígi mọ́. Ọyẹ́ sì ti dé. Òtútù ń mú àwọn ọmọdé, ètè gbogbo ìlú ti bó. Mọrádéyọ̀, obìnrin amọ̀kòkò, wá sí etí odò, ó bú sẹ́kún.

Èèsún ní, "Má sunkún mọ́, ìyá. Gé nínú ọ̀pá mi, gún un, kí o sì kó o sínú ìkòkò rẹ. Ìwúkàrà yóò jẹ adùn mi, omi tó bá sì ti ara rẹ̀ jáde yóò gba iná."

Ìwúkàrà ní, "Ọ̀rẹ́ mi, mo gbà. Ṣùgbọ́n bí omi yẹn bá pọ̀ jù, májèlé ni fún mi. Jọ̀ọ́, ṣí mi ní ọjọ́ kẹta."

"Èmi fúnra mi ni màá ṣí ọ," ni Èèsún wí.

Nílùú yẹn, ẹni tó bá dé ìkòkò nǹkan rírẹ nìkan ló gbọdọ̀ ṣí i. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Nígbà tí Ìwúkàrà àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ti wọnú ìkòkò, Èèsún fi ewé ara rẹ̀ dé e, ó so ó pinpin, Mọrádéyọ̀ sì gbé e lọ sílé.

Ọjọ́ kẹta pé. Ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í hó láìsí iná. Mọrádéyọ̀ gbọ́ ohùn tín-ín-rín nínú rẹ̀:

"Èèsún o, ṣí mi o,
Ilé ti kún, ṣí mi o,
Ó ń jó ọmọ mi lára, ṣí mi o."

Mọrádéyọ̀ sáré lọ sí etí odò. "Èèsún, ó ti pé o! Ọ̀rẹ́ rẹ ń ké!"

Èèsún gbọ́. Ó gbọ́ dáadáa, n kò ní purọ́ gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó gbójú sókè, ó rí àwọn igi tí wọ́n ń yínmú sí i. Ó ní, "Ó kù díẹ̀. Lọ pe ìlú jọ. Jẹ́ kí omi náà lágbára, kí àwọn wọ̀nyí fojú ara wọn rí i."

Ọjọ́ méjì ni ìlú fi péjọ sí etí odò, Mọrádéyọ̀ sì gbé ìkòkò náà wá. Èèsún tú ewé lójú gbogbo wọn. Mọrádéyọ̀ bu omi náà sínú àwo, ó ṣáná sí i. Iná sọ, àwọ̀ aró, kò ní èéfín rárá. Ìlú hó yèè. Àwọn ọmọdé na ọwọ́ sí i. Àwọn igi sorí kọ́.

Èèsún bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkòkò. "Ọ̀rẹ́ mi, ó yá, jáde wá wò ó."

Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ẹrẹ̀ funfun ló wà nísàlẹ̀ ìkòkò, ó tutù, kò mira.

"Ìwúkàrà?" Ó fi ewé rẹ̀ ro ó.

Mọrádéyọ̀ ní, "Ó ké, Èèsún. Ó ké títí ó fi dákẹ́. Mi ò lè ṣí ohun tí mi ò dé."

Àwọn ènìyàn ń yin Èèsún, kò gbọ́ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tó bi í bóyá ó jí ire. Ó fa gbogbo adùn rẹ̀ wọnú egungun, ó tì í pa, ó sì pọ́n etí ewé rẹ̀ bí abẹ.

Láti ọjọ́ náà ni èèsún ti di pàǹtí lẹ́nu ẹni tó bá jẹ ẹ́, tí ewé rẹ̀ sì ń ya ènìyàn lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe omi tó ń gba iná yóò gún un, yóò sè é, yóò pẹ́ lórí rẹ̀ kó tó tú adùn sílẹ̀. Àwọn ọmọ Ìwúkàrà tí kò bá a wọ ìkòkò lọ́jọ́ yẹn ló kù láyé, àwọn náà sì ń kú sínú omi tí àwọn fúnra wọn ṣe. Bí o bá gbọ́ tí ìkòkò ń hó láìsí iná, tẹ́tí sí i. Èèsún ni wọ́n ṣì ń pè, kó wá ṣí wọn.