Imú Ọkọ̀ Ọ̀nàwùmí

Ní ìlú Ìsàgi, tó wà lórí òkè tó da gẹ̀ẹ́rẹ́ sí odò, igi gbígbẹ́ ni iṣẹ́ àjogúnbá. Ọmọ ibẹ̀ á ti mọ ọ̀bẹ dì mú kó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa. Nínú gbogbo agbẹ́gilére ìlú náà, kò sí ẹni tó tó Ọ̀nàwùmí, kò sì sí ẹni tó mọ ìdí iṣẹ́ rẹ̀ bí Ìyùnọlá ọmọbìnrin rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò jókòó kọ́ ọmọ yìí níṣẹ́. Ó ń ha igi, ó ń fi ewé ìpín dán an, ọwọ́ rẹ̀ ló ń kọ́ ọ.

Ní ọdún kan, ẹsẹ̀ Kábíyèsí wú. Kò lè rìn dé odò fún ọdún ìlú mọ́, ẹṣin sì ti gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ló bá kéde pé: "Ẹ gbẹ́ ohun tí yóò máa gbé mi lọ lórí ìjókòó, tí ẹṣin kò ní fà, tí ènìyàn kò ní rù. Èyí tí ojú kò rí irú rẹ̀ rí ni mo fẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá wù mí ni olórí agbẹ́gilére. Ẹni tó bá fi tirẹ̀ ṣe mí léṣe, kó kó àáké rẹ̀ jáde nílùú."

Háà, Ìsàgi gbóná! Gbogbo àgbàlá di ibi tí wọ́n ti ń fi igi ya àwòrán sórí iyanrìn. Ẹnìkan ní òun yóò gbẹ́ tòun bí ahun.

"Ahun kì í sáré," ni Ọ̀nàwùmí wí. "Àwòdì lèmi máa gbẹ́!"

Ó gbẹ́ ara ọkọ̀ náà pẹlẹbẹ kí afẹ́fẹ́ lè gba orí rẹ̀ kọjá. Ó fún un ní ẹsẹ̀ róbótó mẹ́rin. Níwájú, ó na igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan síta bí imú, ó ṣóńṣó, ó gùn tó ìgbésẹ̀ mẹ́ta, ó sì gbójú sókè díẹ̀. "Èyí ni yóò la afẹ́fẹ́ sí méjì," ó wí. "Kí ọkọ̀ tó dé, afẹ́fẹ́ á ti yà lọ́nà!"

Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyùnọlá fi dán imú náà. Òun náà ló fi àdín pa ìdí àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tì í, tó sì ń yí lọ, ọmọ náà fò sókè: "Bàbá mi, ó ń lọ! Ó ń dá lọ!"

Nítorí gẹ̀ẹ́rẹ́ òkè náà, wọ́n so okùn gígùn mọ́ ìdí ọkọ̀, wọ́n so orí okùn kejì mọ́ igi ìrókò lókè. Wọ́n wọn okùn náà kí ọkọ̀ lè dúró ní ìgbésẹ̀ méjì síwájú ọba, tí yóò jókòó nísàlẹ̀ òkè lọ́jọ́ àfihàn. Ṣùgbọ́n ní Ìsàgi, wọn kì í ka ọ̀ṣọ́ mọ́ ìwọ̀n. Ara iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń wọ̀n, ọ̀ṣọ́ sì ni wọ́n ka imú sí.

Ní ọjọ́ mẹ́ta sí àfihàn, Ìyùnọlá ń ti odò bọ̀, ó gbójú sókè wo ọkọ̀ náà lórí òkè. Ó rí ara ọkọ̀, kò rí imú. Kìkì nǹkan bíńtín bí ẹyọ ẹ̀wà kan ló rí. Ó ń gòkè bọ̀, nǹkan bíńtín náà kò tóbi sí i, àfi ìgbà tí ẹnu igi kàn án ní ìpéǹpéjú. Ìkòkò omi já bọ́ lórí rẹ̀, ó fọ́ yángá.

"Bàbá, ẹ gé imú yìí. Ẹni tó bá dúró níwájú kò lè rí i. Ẹ ò sì kà á mọ́ ìwọ̀n okùn náà."

"Ta ní ń ka ọ̀ṣọ́ mọ́ ìwọ̀n?" ni Ọ̀nàwùmí jágbe mọ́ ọn. "Ara igi ni ojú agbẹ́gilére ń gbé. Ìwọ tó fẹ́ràn àtimáa wòkèèrè, lọ dúró lókèèrè lọ́jọ́ náà!"

Àwọn ará ibi iṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín: "Ìyá Awòkèèrè!"

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ṣe bá ara rẹ̀ nísàlẹ̀ òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba, lọ́jọ́ àfihàn. Lókè lọ́hùn-ún, Ọ̀nàwùmí jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n tì í. Ó yí, ó sáré, ó di eré àwòdì! Ariwo sọ. Inú Kábíyèsí dùn débi pé ó gbàgbé ẹsẹ̀ wíwú, ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i.

"Kábíyèsí, ẹ yà! Igi gánganran kan ń bọ̀, kó má gún yín lójú!" ni Ìyùnọlá kígbe.

"Igi wo?" ni ọba wí. Kò rí nǹkan kan.

Ìyùnọlá mọ̀ pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ọba, ikú ni. Ó di agbádá rẹ̀ mú, ó fà á, àwọn méjèèjì ṣubú. Okùn le gan-an, ara ọkọ̀ dúró ní ìgbésẹ̀ méjì bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n. Imú rẹ̀ kọjá níbi tí ojú ọba wà tẹ́lẹ̀, ó gún agboòrùn ẹ̀yìn rẹ̀ ya.

"Ó fọwọ́ kan ọba!" ni ìjòyè kan pariwo. Ọ̀nàwùmí já bọ́ sílẹ̀, ó dojú bolẹ̀.

Láti ilẹ̀ níbẹ̀, ọba ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Bí ọwọ́ yìí kò bá kàn mí, igi ni ì bá kàn mí. Ọmọ, níbo lo ti rí i tí èmi ò rí i?"

"Òkèèrè ni mo ti ń wò ó, Kábíyèsí. Ó di ọjọ́ kẹta lónìí."

Ọba rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́. "Ọ̀nàwùmí, ọkọ̀ rẹ wù mí. Imú rẹ̀ ni kò wù mí."

Ọ̀nàwùmí dìde, ó mú àáké rẹ̀, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Ìyá Awòkèèrè," ó wí, "ìwọ lo rí i. Ìwọ ni kó o gé e." Ìyùnọlá gé e níṣojú gbogbo ìlú, ọba sì wọ ọkọ̀ náà lọ sí odò.

Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ kan kì í jáde ní Ìsàgi kí ẹni tó gbẹ́ ẹ má kọ́kọ́ rìn jìnnà, kó yíjú padà, kó sì wò ó láti iwájú. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé: igi gánganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.