Ọkùnrin Tó Ń Ṣọ́ Ekòló Aláìlẹ́nu

Ọkùnrin kan wà lórí ọkọ̀ òkun, kò sí ohun tó ń bà á lẹ́rù tó òórùn ẹyin tó dòbu. Kì í ṣe ojo. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wọ inú ṣáláńgá kan láti tún un ṣe, òórùn yẹn kún ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n náà kò sì jáde láàyè. Òun ló di okùn tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbọ́n náà mú lókè. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti gbọ́ òórùn yẹn, a máa fojú wá ẹnu ọ̀nà.

Ayé sì mọ yẹ̀yẹ́ ṣe. Iṣẹ́ tí ó rí ni pé kí ó máa ṣọ́ àgbá irin ńlá kan tó ní gíláàsì níwájú, tí òórùn yẹn gan-an wà nínú omi rẹ̀. Ekòló méje ló ń gbé inú àgbá náà. Wọ́n gùn tó apá ènìyàn, ilé tó bo ara wọn funfun bíi páìpù, orí wọn tó yọ síta sì pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n ti kó wọn wá, níbi tí oòrùn kò dé rí, tí omi gbígbóná olóró ti ń tú jáde láti inú àpáta. Wọn kò lẹ́nu, wọn kò sì ní ìfun.

Ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ àgbà obìnrin kan tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wádìí àwọn ẹ̀dá inú òkun. Ó ti là á yé e pé àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń gbé inú ekòló wọ̀nyí bí àlejò, àti pé àlejò ló ń dáná fún onílé. Gáàsì olóró tó ń rùn yẹn ni igi ìdáná wọn. Ekòló a fi orí pupa rẹ̀ gba gáàsì náà pẹ̀lú afẹ́fẹ́ inú omi, a kó o fún àlejò, àlejò a sì se oúnjẹ tí àwọn méjèèjì yóò jẹ. Nítorí náà ni páìpù tín-ín-rín kan ṣe ń gbé gáàsì wọ inú àgbá díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ̀rọ tó wà lára ògiri ni kí o máa wò," ni ìyá náà wí. "Bí ó bá ké, sá jáde. Má gbẹ́kẹ̀ lé imú rẹ, torí bí gáàsì yìí bá pọ̀ jù, imú kì í gbọ́ ọ mọ́."

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí nìkan ló mú dání.

Ìyá náà bá ọkọ̀ mìíràn lọ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin yìí wọlé, ó fa imú, kò gbọ́ òórùn kankan. Ó ní gáàsì ti kún yàrá nìyẹn. Bó ṣe rí fún ẹ̀gbọ́n òun nìyẹn, imú kọ́kọ́ kú kí èémí tó tẹ̀lé e. Kò wo ògiri. Ẹ̀rọ kò ké, nǹkan kan kò ṣe yàrá. Ọ̀fìnkìn lásán ló dí i nímú. Àmọ́ ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ó pa ẹnu páìpù dé, ó sì fẹsẹ̀ fẹ.

Nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó yẹ kó padà lọ ṣí i. Kò lè ṣe é. Ó wá wá ọ̀rọ̀ dáadáa kan fi bo ẹ̀rù náà: ó ní àánú àwọn ekòló ló ń ṣe òun. Ta ni yóò máa mu májèlé lójoojúmọ́ tí inú rẹ̀ yóò dùn? Ó ṣí omi òkun tó mọ́ gaara sí wọn. Bí ìyá náà bá sì pè é lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, a ní, "Àlàáfíà ni wọ́n wà, mà."

Ní ọjọ́ kẹta tó pa páìpù dé, orí pupa méjì wọlé, wọn kò yọ mọ́. Ó rò pé májèlé tó kù lára wọn ló ń bá wọn jà, ó bá tún fi omi mímọ́ kún un. Ní ọjọ́ kẹrin, mẹ́ta mìíràn wọlé. Ó tún fi kún un. Ẹ̀rù méjì ló wá dì í mú: ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má kú, ó sì ń bẹ̀rù ohun tó lè mú wọn yè. A jókòó síwájú gíláàsì àgbá náà, a máa bẹ̀ wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọjú."

Nígbà tí ìyá náà dé, kò sí orí kan níta mọ́. Ó fọwọ́ kan ẹnu páìpù. Kò pariwo.

"Ọjọ́ wo lo ti pa á dé?"

"Ọjọ́ kẹfà rèé, mà. Mo rò pé mò ń dáàbò bò wọ́n ni."

"Ara rẹ lò ń dáàbò bò. Ebi lo fi ń pa àwọn yìí." Ó yẹ̀ fún un. "Ṣí i."

"Mà, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà, láti ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń ṣe é. Ìdí tí mo fi ń wo ògiri kí n tó fọwọ́ kan nǹkan nìyẹn. Wo ògiri, kí o sì ṣí i."

Ó wo ògiri. Ó ń rántí bí okùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe dẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n ṣí i.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ekòló méjì yọ orí pupa wọn jáde. Márùn-ún kò yọ mọ́.

Láníyonu, ìwọ ni mò ń fi ìtàn yìí bá wí. Gbogbo wa la mọ̀ pé iná ló jó ilé bàbá rẹ nígbà tí o wà lọ́mọdé. Ọmọ rẹ obìnrin wọ iṣẹ́ panápaná, o sọkún fún un títí ó fi fi í sílẹ̀, o sì ti ìwé iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ inú àpótí rẹ. Oṣù mẹ́rin rèé tó ti wà nínú ilé tó tutù, tó sì mọ́. Kì í jẹun dáadáa, kì í báni sọ̀rọ̀. O ń gbé e kiri ọsibítù, o ní ìsinmi rẹ̀ ni kò tíì tó. Omi mímọ́ lò ń dà lé e lórí yẹn. Ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù ni igi ìdáná ọmọ náà. Mi ò ní kí ẹ̀rù má bà ọ́, torí iná ń pa ènìyàn lóòótọ́. Lọ béèrè aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ wọ iná, lọ mọ ẹni tó ń dúró tì í lẹ́yìn, kí o sì ṣí àpótí náà, bí ọwọ́ rẹ tilẹ̀ ń gbọ̀n. Ṣí i lónìí, torí èmi kò mọ̀ bóyá lára àwọn méjì ni ọmọ rẹ wà, tàbí lára àwọn márùn-ún.